PCV yín lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ibà tàbí ikọ́ tó pẹ́? Bí ẹ ṣe máa ka èsì yẹn kí ẹ tó ra tọ́níìkì

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàbbà níbí, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo wà, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó máa gba èsì, á rí PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ 28 níbẹ̀, á ká ìwé náà sápò láì jẹ́ kí dókítà rí i, ó di ilé kẹ́míìsì, tọ́níìkì ẹ̀jẹ̀ ìgò méjì, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì, omi ewé ugu, ó tán. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀ á tún padà wá, PCV á ṣì wà níbi tó wà, owó ti lọ, ara ò sì gbé e, nígbà mìíràn àwọn ará ilé á ti máa sọ pé àwọn kan ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lóru. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ ẹ̀ o, àmọ́ ohun tó sábà máa ń dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró, a mọ̀ ọ́n, ó lórúkọ, ẹ sì lè rí àmì ẹ̀ nínú ìwé èsì yẹn fúnra ẹ̀ tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí, ẹ ní sùúrù díẹ̀ pẹ̀lú mi torí ó gùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń rí PCV. A máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì kékeré kan, a á fi nǹkan rírọ̀ dí ẹnu ẹ̀ kan, a á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyípo 10,000 sí 12,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá fi máa dúró, ẹ̀jẹ̀ ti pín sí mẹ́ta: pupa nísàlẹ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ìyeyè lókè, àti ìlà funfun kékeré kan láàárín àwọn méjèèjì tí ẹni tó ń kánjú ò ní rí. Pupa yẹn la ń wọ̀n, tó bá gba ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, PCV jẹ́ 40. Ìlà funfun yẹn ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà, àti platelet tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Lára ẹni tí àìsàn ti ń bá fínra tipẹ́, mo máa ń rí i nígbà mìíràn pé pupa ti kéré, ìlà funfun yẹn sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, nínú ọ̀pá kan náà. Mo máa ń fi han ẹni tó bá fẹ́ dúró wò ó, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: pupa ń lọ sílẹ̀, funfun ń gòkè, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ibẹ̀ ni mùdùnmúdùn inú egungun. Lára àgbàlagbà, egungun ìbàdí, egungun àyà, ìhà, egungun ẹ̀yìn àti orí ni iṣẹ́ yẹn pọ̀ sí jù. Inú ẹ̀ ni àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì wà, àwọn tí dókítà ń pè ní stem cell, wọn ò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n láti ara wọn ni pupa ti ń jáde, funfun ti ń jáde, platelet ti ń jáde. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní Toronto ní Kánádà, James Till àti Ernest McCulloch, ló fi èyí han ayé ní 1961, wọ́n mú mùdùnmúdùn eku kan, wọ́n fi sára àwọn eku mìíràn tí ìtànṣán ti pa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun. Iṣẹ́ tó sì ń jáde níbẹ̀ lójúmọ́, ó kọjá bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi bílíọ̀nù 200 sẹ́ẹ̀lì pupa lójoojúmọ́ lára àgbàlagbà kan. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, platelet ń lo ọjọ́ 7 sí 10, neutrophil, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ jù, kì í pẹ́ rárá. Ẹ fi àwọn ọjọ́ yìí sọ́kàn, a máa padà lò wọ́n.

Ta wá ni ó ń sọ fún ìyá sẹ́ẹ̀lì pé ṣe pupa tàbí ṣe funfun? Púrótéènì ni. Ara ń ṣe àwọn púrótéènì kéékèèké kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, sáítókáìnì ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn kan lára wọn wà fún ọjọ́ àlàáfíà. Kíndìnrín ló ń ṣe erythropoietin, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún pupa, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń kú fi máa ń ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe thrombopoietin jù, tó ń jẹ́ kí platelet jáde tó sì tún ń tọ́jú ìyá sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ kó má bàa tán. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ti ọjọ́ ogun: interferon, interleukin-1, interleukin-6, TNF, G-CSF. Tí kòkòrò ibà tàbí ti ikọ́ fée tàbí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara, sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá kọ́kọ́ rí i á tú àwọn wọ̀nyí sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dé mùdùnmúdùn, wọ́n á pàṣẹ: ẹ fi pupa sílẹ̀ ná, ẹ kó funfun jáde kíákíá.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ interferon o, 1957 ni Alick Isaacs àti Jean Lindenmann rí i ní London, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nígbà yẹn ni pé ó ń dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ó ní ohun tó ń bá ìyá ẹ̀jẹ̀ sọ. Ìgbà tó di 2009 ni àwọn olùwádìí ní Heidelberg ní Jámánì, Marieke Essers àti Andreas Trumpp pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, fi interferon sára eku, wọ́n rí i pé àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì tó máa ń sùn, tí wọn kì í pín ju bíi ìgbà márùn-ún lọ ní gbogbo ayé eku, ṣàdéédé jí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ó dà bí ìròyìn ayọ̀ àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi interferon yẹn sára eku náà láìdáwọ́dúró, ìyá sẹ́ẹ̀lì ò lágbára mọ́ láti tún ẹ̀jẹ̀ kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Houston ní Amẹ́ríkà, wọ́n lo kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan ti ikọ́ fée, tó máa ń gbé lára eku fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun kan náà ni wọ́n rí, interferon irú kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní gamma, ló ń jí wọn, tí àìsàn náà bá sì pẹ́, ìyá sẹ́ẹ̀lì á máa dín kù torí gbogbo wọn ló ń di sójú ogun, kò sí èyí tó ń dúró sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu ní Ìyàrà àti Ìsánlú, ó yé yín ju ẹni tó kàwé lọ. Èbù tí ẹ kó pamọ́ sínú abà, ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Tí àlejò bá dé lójijì, ẹ lè mú méjì mẹ́ta níbẹ̀ sè, oko ò ní bàjẹ́ torí ìyẹn. Tí ìyàn bá wá mú fún oṣù mẹ́ta tí ẹ ń sè é lójoojúmọ́, oúnjẹ wà lórí iná lóòótọ́, gbogbo ilé ń yó, ṣùgbọ́n ìgbà òjò á dé, kò ní sí ohun tí ẹ máa rì mọ́ ebè.

Ohun tí interleukin-1 ń ṣe náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2016, Eric Pietras àti Emmanuelle Passegué fi hàn pé tó bá kàn án fún ìgbà díẹ̀, ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun yára jáde, tó bá pẹ́ lára, ìyá sẹ́ẹ̀lì á kàn máa tẹ̀ sí ọ̀nà funfun ṣáá, á sì gbàgbé bó ṣe ń bí ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn rèé: nígbà tí wọ́n dá interleukin-1 dúró, ìyá sẹ́ẹ̀lì padà bọ̀ sípò. Eku ni o, èèyàn kọ́, mo mọ̀, síbẹ̀ ìdí pàtàkì nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ká wá ohun tó ń ránṣẹ́ ká pa á, ká má kàn máa da tọ́níìkì lé e lórí.

Interleukin-6 ní tiẹ̀ kì í tilẹ̀ nílò láti dé mùdùnmúdùn kó tó dá pupa dúró. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń lọ bá. Ẹ̀dọ̀ á wá tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin jáde, hepcidin á ti gbogbo ilẹ̀kùn tí iron, èròjà tí ara fi ń ṣe pupa, ń gbà jáde nínú ara, èyí tó wà nínú ìfun ò ní lè wọnú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà nípamọ́ ò ní lè jáde. Ara ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí kòkòrò má bàa rí iron jẹ ni, torí kòkòrò náà fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: iron wà nílé, ilẹ̀kùn ló tì. Ẹni tó wá ń mu tọ́níìkì lórí irú nǹkan báyìí, ìgbẹ́ dúdú àti inú rírun ló máa rí, PCV ò ní gbéra.

Ó dáa, ẹ mú ìwé èsì yín, ká bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà kankan, ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà: ọjọ́ tí ara gbígbóná tàbí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, gbogbo oògùn tí ẹ ti lò láàárín oṣù méjì, agbo náà wà níbẹ̀ o. Ẹ má fi pamọ́ fún wa. Dexamethasone àti prednisolone tí wọ́n máa ń pò mọ́ oògùn ara ríro ní ilé kẹ́míìsì, ó máa ń mú kí neutrophil gòkè nínú èsì láìsí kòkòrò kankan. Chloramphenicol lè ba mùdùnmúdùn jẹ́. Septrin tó bá pẹ́ lè dín ẹ̀jẹ̀ kù. Oògùn kan fún HIV tí wọ́n ń pè ní zidovudine náà ń dín pupa kù. Tí ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, tí ẹ bá lóyún, tí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́, tí nǹkan oṣù bá ń pọ̀ jù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

PCV nìkan ò tó, mo bẹ̀ yín. PCV nìkan dà bíi kí wọ́n sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ṣí láìsọ ẹni tó ṣí i. Ẹ ní kí wọ́n ṣe FBC, èyí tó ní pupa, funfun àti platelet lápapọ̀, owó ẹ̀ ju ti PCV lọ lóòótọ́, ó sì tún kéré sí owó tọ́níìkì oṣù méjì. Ìlà Hb, ìyẹn púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ọkùnrin tó bá wà lábẹ́ 13 àti obìnrin tí kò lóyún tó bá wà lábẹ́ 12, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kéré, aboyún àti ọmọdé tó ti pé ọdún méjì tí kò tí ì pé márùn-ún, 11, àmọ́ láti 2024, 10.5 ni wọ́n ń lò fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́tàlélógún àti fún aboyún tó wà láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Tí ìwé yín bá gbé PCV nìkan, ẹ fi mẹ́ta pín in, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Hb yẹn. Ohun tí àwọn òjíṣẹ́ ọjọ́ ogun wọ̀nyí ń ṣe fún pupa kì í sábà mú Hb sọ̀ kalẹ̀ kọjá 8, ìyẹn PCV bíi 24. Tó bá ti wá sí 20 tàbí 18, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà síbì kan, bóyá ibà ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, bóyá kòkòrò inú ìfun ń mu ún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi àìsàn lásán tàn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, MCV. Ó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi sí, 80 sí 100 ni ibi tó dáa. Ti ẹni tí iron tán lára ẹ̀ ní tòótọ́ sábà máa ń wà lábẹ́ 80, sẹ́ẹ̀lì á kéré, á sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ti ẹni tí ohùn àìsàn, ìyẹn àwọn òjíṣẹ́ ogun yẹn, ló dá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dúró, wọ́n sábà máa ń tóbi bó ṣe yẹ, wọ́n kàn kéré ní iye ni. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, tó bá pẹ́ gan-an MCV náà lè sọ̀, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan, pàápàá ìyálọ́mọ tó ń ṣe oko láìwọ bàtà tí kòkòrò inú ilẹ̀ ti wọ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó tún ní ikọ́ tó pẹ́. Ibẹ̀ ni ferritin ti wúlò, púrótéènì tó ń pa iron mọ́ ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ferritin náà ń gòkè fúnra ẹ̀ tí àìsàn bá wà lára, nítorí náà ni WHO fi ní fún àgbàlagbà tó ní àìsàn lára, tó bá wà lábẹ́ 70 ká ka á sí pé iron ò tó, fún ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún lábẹ́ 30, nígbà tó jẹ́ pé fún àgbàlagbà tí ara ẹ̀ dá, 15 là ń wò. Mo ti rí ìwé èsì tí wọ́n fi àmì sí pé ferritin 50 dáa fún ẹni tó ń gbóná lọ́wọ́. Kò dáa. Kí wọ́n ṣe CRP pẹ̀lú ẹ̀, púrótéènì tó máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ tí ara bá ń bá àìsàn jà ni, tí CRP bá ga, ẹ mọ̀ pé àwọn òjíṣẹ́ ogun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo lábù tó wà ní agbègbè wa ló ń ṣe ferritin o, ẹ lè ní láti lọ Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin.

Èyí tí mo gbà pé ó ṣe kókó jù, tí wọn kì í sì béèrè, ni reticulocyte. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú mùdùnmúdùn ni, a máa fi àwọ̀ kan kun ún a ó sì kà á lábẹ́ ẹ̀rọ awò, lára àgbàlagbà bíi 0.5 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Tí PCV bá kéré tí reticulocyte wá pọ̀, mùdùnmúdùn ń ṣiṣẹ́ kárakára, ìta ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sọnù tàbí ti ń fọ́. Tí PCV bá kéré tí reticulocyte náà kéré, mùdùnmúdùn gan-an ni kò dáhùn, bóyá iron ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bóyá kíndìnrín ò pè é, bóyá TNF àti interferon ló ní kó dákẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ti pín ọ̀nà sí méjì fún dókítà.

Wàyí o, ẹ wo funfun. 4 sí 11 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò. Tó bá ga, tí neutrophil ló pọ̀ jù níbẹ̀, G-CSF àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti pàṣẹ, ó sábà máa ń jẹ́ kòkòrò bakitéríà, egbò, eyín tó ti kẹ̀, àpòòtọ̀. Tó bá kéré, ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ Òkun mọ̀ nípa neutrophil yìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa, àìní ẹ̀ ló fi jẹ́ pé irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wa, òun náà ló sì ń jẹ́ kí neutrophil wa kéré nínú èsì láti ìbí wá láìsí pé ohunkóhun ń ṣe wá. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti gba ìwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ̀rọ á fi àmì pupa sí 1.3 yín, ẹ̀rù á bà yín, wọ́n á sì lè tìtorí ẹ̀ dá ìtọ́jú kan dúró fún yín láìnídìí. Ẹ wá èsì àtijọ́ yín jáde. Tó bá jẹ́ bó ṣe máa ń wà nìyẹn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Platelet, 150 sí 400, ibà máa ń mú un sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ó sì sábà máa ń padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí oògùn ibà bá ti ṣiṣẹ́. Tí iron bá tán lára tàbí tí àìsàn bá pẹ́, ó máa ń gòkè. Kò gba àlàyé púpọ̀.

Tí ẹ bá ti wo gbogbo èyí tí ó sì jọ pé ohùn àìsàn ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, iṣẹ́ tó kàn ni pé ká wá àìsàn náà. Ibà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀, ẹ má kàn gbé oògùn mì. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ fée, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹ̀ ní ibùdó ìjọba, ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa kòkòrò Houston yẹn, ìbátan ẹ̀ ni. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ yẹnu wò, eyín tó ti jẹrà fún ọdún méjì ń ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná, itọ̀ ṣúgà, oríkèé tó ń wú ní òwúrọ̀, kíndìnrín, gbogbo wọn ni kí dókítà wò. Ti Widal tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé àwọn ní taifọ́ọ̀dù, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ nìkan jẹ oògùn bakitéríà fún oṣù kan, ọ̀pọ̀ ara tó dá ló ń gbé Widal tó ga láàárín wa.

Àgbàlagbà tún yàtọ̀ díẹ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni àwọn òjíṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn kan pàtó, mùdùnmúdùn á sì máa tẹ̀ sí ọ̀nà funfun. Ṣùgbọ́n PCV 30 lára baba ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ má ní ọjọ́ orí ni. Ẹ wá ìdí ẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀tá ni gbogbo òjíṣẹ́ yìí o. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n gún fún ọmọ yín nígbà tí wọ́n bí i, tó fi àpá sílẹ̀ lápá, ìwádìí tó jáde láti Montreal ní 2018 fi hàn lára eku pé tí wọ́n bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń dé ọ̀dọ̀ ìyá sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń kọ́ wọn débi tí sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń bí lẹ́yìn náà fi mọ ìjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ti rí àmì irú ẹ̀ lára èèyàn náà. Àwọn dókítà sì ti sọ òmíràn nínú wọn di oògùn: láti 1991 ni wọ́n ti fọwọ́ sí G-CSF ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ ti pa sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀, òun náà ni wọ́n ń gún fún ẹni tó fẹ́ fi ìyá sẹ́ẹ̀lì ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kí wọ́n lè jáde látinú egungun sínú ẹ̀jẹ̀, egungun á sì máa ro onítọ̀hún fún ọjọ́ mélòó kan. Erythropoietin wà fún oníkíndìnrín. Dókítà ló ń kọ gbogbo ẹ̀, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ SS nílé, tiyín yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́, reticulocyte wọn sì máa ń pọ̀ nígbà gbogbo. Tó bá ṣàdéédé lọ sílẹ̀ pẹ̀lú PCV, mùdùnmúdùn ti dáwọ́ dúró nìyẹn, fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ parvovirus B19 tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Ẹ má sì fún wọn ní tọ́níìkì oní-iron láìjẹ́ pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó kéré.

Àwọn mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀la: ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti funfun tó ń mí lókèlókè, aboyún tí òòyì ń kọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì tàbí tí àmì pupa kéékèèké ń yọ lára ẹ̀, ẹni tó ń yàgbẹ́ dúdú tí kò lo iron, ẹni tí neutrophil ẹ̀ ti wà lábẹ́ 0.5 tí ara ẹ̀ sì gbóná.

Tí wọ́n bá ti rí àìsàn náà tí wọ́n sì ti ń tọ́jú ẹ̀, ìgbà wo ni kí ẹ padà wá? Ẹ rántí àwọn ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Funfun àti platelet lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Reticulocyte á kọ́kọ́ gòkè, PCV á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ má wá ṣe PCV lọ́jọ́ kẹta kí ẹ tún wá ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lábù kan náà, ẹ gbé ìwé àkọ́kọ́ dání. Ẹ máa jẹun bó ṣe yẹ, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, ugu yẹn náà ò burú, oúnjẹ ni, ẹ jẹ ẹ́. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé iron kéré lóòótọ́, nígbà yìí ni iron wá ń wúlò gan-an, torí ilẹ̀kùn ti ṣí.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí ara ti yá tí PCV ò sì gbéra, tàbí tí pupa, funfun àti platelet bá jọ kéré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù ńlá, ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn. Àìsàn kan wà níbi tí sẹ́ẹ̀lì ààbò ara fúnra ẹ̀ ti ń fi interferon gamma àti TNF pa ìyá sẹ́ẹ̀lì, ó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ gba mùdùnmúdùn yín wò. Ẹ má sá. Wọ́n á ní kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú lẹ́yìn ìbàdí, wọ́n á ti abẹ́rẹ́ kan wọ egungun, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tí wọ́n bá ń fa á, ìrora tó mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, wọ́n á tẹ́ ohun tí wọ́n fà sórí gíláàsì, wọ́n á sì lẹ ibẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ mọ́tò padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kàn rí i pé ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá.